Òótọ́ àbí irọ́? Ohun méje tí wọ́n ń sọ nípa Fágúnwà àti àwọn tó kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀

Kò sí òǹkọ̀wé Yorùbá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ lẹ́nu èèyàn tó D. O. Fágúnwà. Àwọn kan ní òun ni baba gbogbo ìwé ìtàn àròsọ tí a ní. Àwọn kan ní ẹni tó tẹ̀ lé e jí i kọ ni, tó fi di olókìkí lókè òkun. Àwọn mìíràn ka ìwé rẹ̀ sí ohun tí ọmọ ilé ìwé ń kà kó tó gbọ́n. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti pẹ́ nílẹ̀ débi pé a kì í bèèrè ẹ̀rí mọ́. Mo fẹ́ràn ìwé Fágúnwà dọ́kàn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irọ́ bú u, tí n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irọ́ yìn ín. Ẹ jẹ́ ká gbé àwọn ọ̀rọ̀ náà síta níkọ̀ọ̀kan, ká dá wọn lẹ́jọ́.

Ká tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí ẹni tí à ń wí. Òkè-Igbó, nítòsí Oǹdó, ni wọ́n ti bí Daniel Oròwọlé Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà lọ́dún 1903. Ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́ náà ló ti ń kọ́ ọmọ níwèé nígbà tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba amúnisìn gbé ìdíje ìwé kíkọ kalẹ̀ lọ́dún 1936. Ìwé tó kọ fún ìdíje yẹn ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ilé ìtàwé CMS ní Èkó tẹ̀ jáde lọ́dún 1938. Ìtàn àròsọ mẹ́rin tẹ̀ lé e: Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó lọ́dún 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje lọ́dún 1954, àti Àdììtú Olódùmarè lọ́dún 1961. Odò ló gbé e lọ ní Wúyà, lẹ́bàá Bídà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1963.

1. "Fágúnwà ló kọ́kọ́ kọ ìwé ìtàn àròsọ ní èdè Yorùbá."

Ìdájọ́: Irọ́.

Lọ́dún 1929, nígbà tí Fágúnwà ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ló fọwọ́ sí wọn. Ó ní aṣẹ́wó lòun nígbà èwe òun, àìsàn ti dá òun wólẹ̀ báyìí, òun sì fẹ́ ròyìn ayé òun kóun tó kú. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé èèyàn gidi ni. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Ó kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé lọ́dún 1930, ọdún mẹ́jọ gbáko ṣáájú Ògbójú Ọdẹ.

Ohun tí Fágúnwà ṣe yàtọ̀ sí èyí. Ìtàn Ṣẹ̀gilọlá kò kúrò ní àdúgbò Èkó: ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà, ilé ìyàwó, òpópónà tí gbogbo ará Èkó mọ̀. Fágúnwà ló kọ́kọ́ fi ìwé odidi kan sọ ìtàn mériyìírí ní èdè wa, tí ọdẹ kan wọ igbó tí iwin àti ẹbọra ń gbé, tó bá wọn jà, tó bá wọn jẹun, tó sì padà wálé láti sọ ọ́. Tí a bá fẹ́ yìn ín, ẹ jẹ́ ká yìn ín fún èyí. Ọlá Thomas kò gbọdọ̀ di ti Fágúnwà.

2. "Inú àlọ́ Yorùbá nìkan ni Fágúnwà ti fa gbogbo ìtàn rẹ̀ yọ."

Ìdájọ́: Irọ́ ní ìdajì, òótọ́ ní ìdajì.

Àlọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọfọ̀ wà níbẹ̀, ìjálá ọdẹ wà níbẹ̀, òwe sì wà níbẹ̀ bí erùpẹ̀. Ẹ wo Agbako, abàmì tó ní ojú 16 yí orí ká. Kò sí ẹni tó dàgbà sídìí àlọ́ tí kò ní mọ irú ilé tó ti wá. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ìwé ìjọ ni Fágúnwà, ìwé tí wọ́n ń kà níbẹ̀ sì wọ inú rẹ̀. Èyí tó hàn jù lọ ni ìwé òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, John Bunyan, tí àwọn míṣọ́nnárì ti túmọ̀ sí Yorùbá láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí a mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Nínú ìwé yẹn, èrò kan ń rin ìrìn àjò kọjá láàrin àwọn ẹni tí orúkọ wọn ń sọ ìwà wọn. Nígbà tí Àkàrà-ògùn, akọni Ògbójú Ọdẹ, bá pàdé obìnrin inú igbó tó ń jẹ́ Ìrànlọ́wọ́, tí Ìmọ̀dóyè sì wà lára àwọn ọdẹ tí wọ́n jọ lọ sí Òkè Láńgbòdó, ọwọ́ Bunyan la rí yẹn. Bíbélì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti àwọn ìtàn ilẹ̀ Gíríìkì tí àwọn olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé yẹ èyí wò fínnífínní nínú ìwé tó kọ lórí Fágúnwà lọ́dún 1974.

Ṣé èyí wá sọ Fágúnwà di aláàdàkọ? Rárá. Bunyan kò mọ Agbako, kò mọ oògùn ọdẹ, kò sì lè kọ gbólóhùn kan nínú irú Yorùbá tí Fágúnwà kọ. Ohun tó gbà lọ́wọ́ àlejò, ó sọ ọ́ di ti ilé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun gan-an ni a ó fi dá ẹjọ́ tó kàn.

3. "Amos Tútùọlá jí Fágúnwà kọ ni."

Ìdájọ́: Irọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè wà níbẹ̀.

Èyí ló dàgbà jù nínú gbogbo ẹ̀sùn náà, òun náà ló sì ṣe èèyàn níbi jù. The Palm-Wine Drinkard jáde ní London lọ́dún 1952, láti ọwọ́ ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber. Ẹni tó kọ ọ́ jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí lọ́dún 1920, tí ìwé rẹ̀ kò kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó ti ṣe alágbẹ̀dẹ fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun, tó sì ń ṣe ońṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Akéwì Dylan Thomas yin ìwé náà gidigidi nínú ìwé ìròyìn Observer. Ojú ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé nílé nítorí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Lọ́dún 1954, ẹnì kan tó ń jẹ́ Babasola Johnson kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa pé Tútùọlá kàn lọ yá ìtàn Fágúnwà ni. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ apá tó jẹ́ òótọ́. Ìwé Fágúnwà ti wà nílẹ̀ fún ọdún 14 kí ti Tútùọlá tó jáde, inú ilé ẹ̀kọ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n sì ti ń kà á. Ìrísí àwọn ìtàn náà jọra: akọni tó lóògùn lọ́wọ́ kúrò nílé, ó ń ti ìlú àràmàǹdà kan bọ́ sí òmíràn, ó ń pàdé ẹ̀dá abàmì níkọ̀ọ̀kan, ó sì padà wálé. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà náà, Bernth Lindfors, fi ìwé méjèèjì wéra ní ọdún 1970, ó sì fi hàn pé Tútùọlá jẹ Fágúnwà ní gbèsè. N kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi sẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n gbèsè kì í ṣe olè. Èkíní, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ní Tútùọlá jí, kì í ṣe Fágúnwà ló ni ín. Ẹ gba ìtàn ọkùnrin arẹwà tó yá ẹsẹ̀, ọwọ́ àti gbogbo ẹ̀yà ara lò kó tó wọ ọjà, tí ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé, tó wá ń dá àwọn ẹ̀yà náà padà fún olówó wọn lójú ọ̀nà títí ó fi ku agbárí lásán. Àwọn ìyá àgbà ti ń pa á lálọ̀ọ́ kí wọ́n tó bí Fágúnwà àti Tútùọlá. Ohun ìní ìlú ni, gbogbo ọmọ ìlú ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó.

Èkejì, ọkàn àwọn méjèèjì kò jọra. Olùkọ́ ni Fágúnwà títí dópin. Ó máa ń dá ìtàn dúró kó lè bá wa sọ̀rọ̀ ìwà, kó kìlọ̀ fún ọmọ, kó gba àgbà nímọ̀ràn. Akọni Tútùọlá kò ní wàásù kankan. Ọ̀mùtí ni, adẹ́mu rẹ̀ ló kú, ó sì ń wá a lọ sí ìlú àwọn òkú kó lè máa rí ẹmu mu. Ayé tó ń rìn nínú rẹ̀ sì ti di ayé ọ́fíìsì àti owó. Ó ta ikú rẹ̀ ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6, ó sì fi ẹ̀rù rẹ̀ yá èèyàn pẹ̀lú èlé oṣooṣù. Kò sí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ońṣẹ́ ọ́fíìsì tó ti rí bí òyìnbó ṣe ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ ló lè ronú kàn án.

Ìwé rẹ̀ kejì, My Life in the Bush of Ghosts, tó jáde lọ́dún 1954, tilẹ̀ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iwin obìnrin kan wà níbẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọkùnrin tó sọnù sínú igbó ti rí ìyá rẹ̀ nílé. Ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Tútùọlá ti kó ẹ̀rọ náà wọ igbó iwin ní ọdún márùn-ún ṣáájú. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ibi tí ìtàn mériyìírí Yorùbá àti ìtàn sáyẹ́ǹsì ti kọ́kọ́ pàdé, ojú ewé yẹn ni kó ṣí.

Ohun tí Fágúnwà ṣe sí Bunyan náà ni Tútùọlá ṣe sí Fágúnwà. A kò lè pe ọ̀kan ní ọgbọ́n, ká pe èkejì ní olè.

4. "Ìwé ọmọdé ni ìwé Fágúnwà."

Ìdájọ́: Irọ́.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá. Inú kíláàsì ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Fágúnwà sì kọ ìwé fún àwọn ọmọdé lóòótọ́: òun àti L. J. Lewis ni wọ́n jọ kọ Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ṣùgbọ́n ìtàn àròsọ rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ, baba Àkàrà-ògùn yìnbọn pa ìyá Àkàrà-ògùn tó jẹ́ àjẹ́. Nínú Ìrìnkèrindò, a dé ìlú Ẹ̀dìdàré, níbi tí òmùgọ̀ ti ń jọba lórí òmùgọ̀, tí Òmùgọ̀diméjì wà lórí oyè. Títí di òní, bí àwọn akọ̀ròyìn Yorùbá bá fẹ́ bá àwọn alákòóso wí, wọn a ní orílẹ̀-èdè wa ti di Ẹ̀dìdàré. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú nìyẹn, àgbàlagbà ló sì wà fún.

Ẹ̀rí tó lágbára jù ni ohun tí àwọn àgbà òǹkọ̀wé fi ìwé náà ṣe. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1968, Bruce Onobrakpeya sì ya àwòrán sí i. Nígbà tí Ṣóyínká ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel, tó sì ti kọ ìwé tirẹ̀ láìmọye, ó tún padà sídìí Fágúnwà, ó túmọ̀ Igbó Olódùmarè, tó jáde lọ́dún 2010. Wálé Ògúnyẹmí sọ ìrìn àjò àwọn ọdẹ inú Ògbójú Ọdẹ di eré orí ìtàgé tó pè ní Langbodo. Eré yẹn ni Nàìjíríà mú lọ sí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀, ní Èkó lọ́dún 1977, níwájú gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀, tí Dàpọ̀ Adélùgbà sì darí rẹ̀. Ògúnyẹmí lo àwọn ọdẹ tí ìṣe wọn kò bára mu, tí wọ́n jọ ń wá ire ìlú, láti bi orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jagun abẹ́lé tán ní ìbéèrè. Orílẹ̀-èdè kan kì í fi ìtàn ọmọdé ṣojú ara rẹ̀ níbi irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀.

5. "Gbogbo òǹkọ̀wé Yorùbá tó tẹ̀ lé Fágúnwà ló ń fara wé e."

Ìdájọ́: Irọ́.

Àwọn kan fara wé e, kò sì fara sin. J. Ògúnṣínà Ògúndélé tẹ Ibú Olókun àti Èjìgbèdè Lọ́nà Ìsálú Ọ̀run jáde lọ́dún 1956, D. J. Fátanmí sì kọ K'orímalẹ̀ Nínú Igbó Adìmúla lọ́dún 1967. Orúkọ àwọn ìwé náà ti tó láti sọ ilé tí wọ́n ti wá.

Ṣùgbọ́n láàrin àkókò kan náà, àwọn mìíràn mọ̀ọ́mọ̀ kúrò nínú igbó. Isaac Délànọ̀ kọ Aiyé D'Aiyé Òyìnbó lọ́dún 1955, níbi tó ti ròyìn bí òyìnbó ṣe dé bá ìlú wa. Fẹ́mi Jẹ́bọ́dà gbé ìyà tálákà kalẹ̀ nínú Olówólaiyémọ̀ lọ́dún 1964. Adébáyọ̀ Fálétí kọ Ọmọ Olókùn Ẹṣin lọ́dún 1969 lórí àwọn tó ń jà fún òmìnira. Ọdún yẹn náà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, jáde nínú Àjà Ló Lẹrù. Kọ́lá Akínlàdé náà kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Kò sí iwin kan nínú ìwé àwọn wọ̀nyí.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí wọ́n jogún lọ́dọ̀ Fágúnwà láìfi bò: ìgboyà pé èdè Yorùbá tó ìwé kọ, láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìparí, pẹ̀lú gbogbo adùn àti agbára rẹ̀. Ipa yìí ṣòro láti rí ju ti àwọn tó tún igbó rẹ̀ rìn, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi òun ló ga jù.

6. "Ipa Fágúnwà kò kọjá ilẹ̀ Yorùbá."

Ìdájọ́: Irọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà lọ gùn.

Tútùọlá ni ọ̀nà àkọ́kọ́. Lọ́dún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ The Palm-Wine Drinkard di eré Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n sì gbé e lọ sí àjọ̀dún àṣà ilẹ̀ Áfíríkà ní Algiers lọ́dún 1969. Lọ́dún 1981, àwọn olórin méjì, Brian Eno àti David Byrne, mú orúkọ ìwé Tútùọlá kejì fi sọ àwo orin wọn. Nínú ìwé tí Ato Quayson, ọmọ Gánà, tẹ̀ jáde lọ́dún 1997, ó to Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá, Tútùọlá, Ṣóyínká àti Ben Okri lẹ́sẹẹsẹ, ó sì fi hàn bí ohun àbáláyé Yorùbá ṣe ń ti ọwọ́ ọ̀kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì. Okri kì í ṣe ọmọ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ The Famished Road tó gba ẹ̀bùn Booker lọ́dún 1991 kún fún ẹ̀mí àbíkú.

Ọ̀nà kejì ni ìtumọ̀ Ṣóyínká. Ilé ìtẹ̀wé City Lights ní San Francisco tún un tẹ̀ lọ́dún 2013, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú Fágúnwà. Òǹkàwé Amẹ́ríkà tí kò gbọ́ Yorùbá rárá lè rà á lónìí.

7. "Gbogbo ìtàn mériyìírí tí ọmọ Yorùbá bá kọ lónìí, ti Fágúnwà ni."

Ìdájọ́: Irọ́.

Èyí ni irọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fi í kẹ́yìn. Nígbà tí Tomi Adeyemi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, gbé Children of Blood and Bone jáde lọ́dún 2018, kíákíá ni àwọn kan ti ní Fágúnwà ló tún dé. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ibi tí ó ti wá: àwòrán àwọn òrìṣà tó rí ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, ló ta á jí. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ló gbé àwọn òrìṣà yẹn dání, ọ̀pọ̀ ọdún kí Fágúnwà tó gbé kálàmù. Ìṣúra Yorùbá ju ọkùnrin kan lọ, ó sì ní ẹnu ọ̀nà tó pọ̀.

Bí a bá fẹ́ sọ pé òǹkọ̀wé kan nípa lórí èkejì, ẹ̀rí mẹ́ta ló yẹ ká máa wá: ṣé ó ka ìwé náà? Ṣé ohun tó mú jẹ́ ti ẹni yẹn lóòótọ́, àbí ti gbogbo ìlú? Kí ló fi kún un? Níbi tí ẹ̀rí bá wà, ká sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Níbi tí kò bá sí, ká dákẹ́.

Ìdájọ́ mi lórí gbogbo rẹ̀ kò gùn. Fágúnwà kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn àròsọ Yorùbá, kì í sì í ṣe òun ló bí gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e. Òun ni ẹni tó fi hàn pé igbó àlọ́ lè gba odidi ìwé, àti pé èdè wa lè gbé e dé ìparí. Tútùọlá, Ṣóyínká àti Ògúnyẹmí kọ́ èyí lára rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ lọ ra Ògbójú Ọdẹ ní Yorùbá tó jẹ́ gan-an. Ẹ kà á sókè fún àwọn ọmọ yín, lẹ́yìn náà kí ẹ fún wọn ní Tútùọlá. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má jẹ́ kó parí sí ìdánwò. Ẹni tó bá ti ka àwọn méjèèjì kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un èwo ni òótọ́, èwo ni irọ́.